Èèpo Kòkó Ló Pa Ajá, Kì í Ṣe Èmi

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ fà mọ́ra kí ẹ gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ tí èékánná rẹ̀ ò ní dọ̀tí lè máa lọ, mi ò ní bínú. Gádínà ni mí. Ìlú Lọ́kọ́ja yìí ni mo ti ṣe é, láti ìgbà tí mo jẹ́ ọmọge títí tí irun mi fi funfun. Àwọn ẹbí mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba kì í fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Tí àlejò bá wá, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n wa yìí, ọ̀rọ̀ ohun ọ̀gbìn ni wọ́n ń bójú tó." Èmi á sì pariwo láti kíṣìnnì pé, "Gádínà ni mí o! Ọwọ́ mi ni mo fi ń kó ìgbẹ́ màlúù!" Ìyá Rúùtù Olódòdó ni gbogbo àdúgbò Karaworo ń pè mí, orúkọ náà sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ìgbà kan wà tí wọ́n fẹ́ gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ mi, ẹ máa gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gùn. Bàbá mi ń ṣọ́ géètì ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìjọba àtijọ́ tó wà lẹ́sẹ̀ òkè Páàtì, èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Mo rí àwọn tó ń tún ọgbà ṣe, iṣẹ́ náà wù mí, mo ní wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ mi. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí mi ò lọ, tó sú wọn, wọ́n gbà mí. Ti owó, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Kò tó nǹkan nígbà yẹn, kò tó nǹkan nísinsìnyí.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Bàbá Ndagi, ọmọ Nùpé, ará Kpata. Yorùbá rẹ̀ já gaara bí ti ẹni tí wọ́n bí sí Ìlọrin, ṣùgbọ́n tí inú bá ń bí i, Haúsá ló fi ń bú ni. Inú sì ń bí i lójoojúmọ́. Kò pe orúkọ mi rí. "Yárinyà" ló ń pè mí, ìyẹn ọmọdébìnrin, àní nígbà tí mo ti lọ́kọ tí mo sì ti bí Rúùtù. Tó bá rí i pé mo dúró tí mi ò fọwọ́ kan nǹkan, á ní, "Haba, Yárinyà! Ṣé o ti di òpó iná ni?"

Odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan òdòdó. Koríko gbígbẹ ni mo ń rù. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Lọ́kọ́ja mọ oòrùn wa. Òkè wà lẹ́yìn, odò wà níwájú, ooru á wá há sí àárín. Bí o bá bu omi rin ìdí òdòdó láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ilẹ̀ á ti sán. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bo ilẹ̀ náà. A lè fi koríko gbígbẹ bò ó, a lè fi ewé tó jábọ́, tàbí èèpo ìrẹsì, tàbí èérún igi, kí omi má bàa tètè gbẹ, kí èpò má sì ráyè hù. Àwọn tó kàwé ń pè é ní mọ́ọ̀ṣì. Aṣọ ilẹ̀ ni Bàbá Ndagi ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe ń pè é títí dòní.

Ó ní ìbéèrè kan tó máa ń béèrè kó tó jẹ́ ká tẹ́ aṣọ ilẹ̀ sí ilé kankan. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, á ní, "Ta ló ń sùn nílẹ̀ níbí?" Àwọn kúùkù á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé ẹni tí kò ní bẹ́ẹ̀dì ló ń béèrè. Bàbá kò béèrè ènìyàn. Ajá ló ń béèrè, àti adìyẹ, àti ewúrẹ́, àti ọmọ tó ń rákò. Ó ní ajá ló le jù nínú gbogbo wọn, torí pé ajá á wá ibi tó tútù, á gbẹ́ ẹ, á sùn síbẹ̀, á fi ahọ́n lá ara rẹ̀ níbẹ̀, tí ohunkóhun tó bá ta sánsán bá sì wà níbẹ̀, á jẹ ẹ́.

Kò wá tán síbẹ̀ o. Tí mo bá kó aṣọ ilẹ̀ tuntun dé, á ní kí n kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ńtì, kí n dùbúlẹ̀ lé e. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, kí n dùbúlẹ̀! Ọmọge bíi tèmi, pẹ̀lú aṣọ mi, lójú àwọn ọkùnrin! Tó bá gún mi, tó bá yún mi lára, tí òórùn rẹ̀ bá gbé mi nímú, kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Mo ní, "Bàbá, èmi kì í ṣe ajá o."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ajá ò lè sọ ibi tó ń dùn ún. Ìwọ lẹ́nu, ẹnu rẹ sì pọ̀. Dùbúlẹ̀."

Ọjọ́ kan wà tó rán mi lọ sí ọ̀dọ̀ káfíńtà kan ní Kpata pé kí n lọ gbé lẹ́búlẹ́bú pákó tí ayùn ń dà sílẹ̀. Mo ru odidi àpò kan dé, mo tẹ́ ẹ, mo dùbúlẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀yìn mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bí ìgbà tí wọ́n fi ata pa á. Àṣé wọ́n ti fi oògùn ikán kun pákó yẹn kí wọ́n tó là á. Bàbá gbọ́ òórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà, ó ní kí n rù ú padà síbi tí mo ti gbé e. Oòrùn ti mú. Mo la ọjà kọjá pẹ̀lú àpò lórí, ẹ̀yìn ń ta mí, àwọn obìnrin ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ọkọ ló lé mi jáde. Nígbà tí mo padà dé, mo ní, "Bàbá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ gbé e ni?"

"Èmi ni. Mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn. Ó ti wá yé wa báyìí."

Ìyẹn náà nìyẹn. Kò sọ pé kí n má bínú. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Mo búra pé mi ò ní débẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rántí bí àwọn ọkùnrin yẹn ṣe máa rẹ́rìn-ín tí wọn ò bá rí mi, mo bá gbéra. Èmi kì í sá fún ènìyàn. Ìyá mi ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí mi.

Nígbà tí ara Bàbá ò gbé e mọ́, ó padà sí apá Bídà, èmi sì ń dáṣẹ́ ṣe. Irinṣẹ́ wa nígbà yẹn kò ju àdá, ọkọ́, réèkì, àti agolo tí a fi ìṣó dá ihò sí nídìí láti fi bu omi rin òdòdó. Lẹ́yìn náà ni rọ́bà omi gígùn dé, ló gba ọrùn wa lọ́wọ́ garawa. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko dé, èyí tó ń ké bí ọ̀kadà tí sàléńsà rẹ̀ ti já. Àwọn ọkùnrin ní obìnrin ò lè fa okùn rẹ̀. Mo fà á títí apá mi fi wú. Nígbà tó jí, mo wò wọ́n lójú, mo gé koríko mi lọ.

Mo wá ní òpópónà kan lábẹ́ òkè yẹn tó jẹ́ pé èmi ni mò ń tún ọgbà gbogbo ilé tó wà níbẹ̀ ṣe. Ilé tó tóbi jù níbẹ̀ jẹ́ ti ọkùnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Dáírẹ́kítọ̀, ọmọ Ìjùmú, tó wà nípò gíga lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ìyàwó rẹ̀ ni Màmá Ṣọlá, èèyàn jẹ́jẹ́. Wọ́n ní ajá kan, aláwọ̀ bíi ti ẹyìn tó pọ́n, Kíló-kàn-yín ni wọ́n sọ ọ́. Ìgbà tí wọ́n ń kọ́lé ni àdúgbò ń rojọ́ ibi tí wọ́n ti rówó, Dáírẹ́kítọ̀ bá ra ajá, ó sọ ọ́ lórúkọ, ó ń dúró sẹ́nu géètì ní ìrọ̀lẹ́, á máa pè é, "Kíló-kàn-yín! Kíló-kàn-yín!" Àlájà tó ń gbé òdìkejì, ọmọ ìdílé oníṣòwò láti Ìlọrin tó ti pẹ́ ní Lọ́kọ́ja, á dá a lóhùn láti inú ilé tirẹ̀ pé, "Kò kàn wá, a kàn ń wò ni!"

Ajá yẹn fẹ́ràn mi. Tí mo bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń sùn sínú koríko tí mo tẹ́ sábẹ́ òdòdó pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, á gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé bàtà mi. Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí mo ń bá sọ ọ̀rọ̀ ọkọ mi bíi tirẹ̀.

Ní àsìkò kan, àwọn olè bẹ̀rẹ̀ sí í da àdúgbò yẹn láàmú. Wọ́n á ju ẹran tí wọ́n ti fi májèlé sí wọlé, ajá á kú, wọ́n á wá padà wá kó ilé. Ọkàn gbogbo ènìyàn ò balẹ̀. Olúkúlùkù ń wo ọmọ ọ̀dọ̀, ń wo dírébà, ń wo gádínà. Àsìkò yẹn gan-an ni àǹtí mi kú nílùú wa, mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ Màmá Ṣọlá, mo lọ sìnkú.

Sátidé tí mo padà dé jẹ́ ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká, tí kò sí ọkọ̀ lójú títì, tí gbogbo ènìyàn máa ń wà níwájú ilé wọn pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn dé òpópónà náà. Bí mo ṣe ń kí wọn, "Ẹ kú iṣẹ́ o," kò sẹ́ni tó jẹ́ mi. Mo dé géètì Dáírẹ́kítọ̀, mo bá Kíló-kàn-yín nílẹ̀. Ó ń gbọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀, àyà rẹ̀ ń lù tó fi jẹ́ pé mo ń rí i láti ibi tí mo dúró sí. Màmá Ṣọlá jókòó tì í, ó ń sunkún.

Dáírẹ́kítọ̀ rí mi. Ó na ìka sí mi, ó sì lọgun tó fi jẹ́ pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ òpópónà gbọ́. "Òun nìyí! Ìwọ obìnrin yìí, ta ló rán ọ? Ta ni ìwọ pẹ̀lú rẹ̀ jọ fún ajá mi ní májèlé? Olè! O bá olè mulẹ̀, o sá lọ, o wá padà wá wò bóyá ó ti kú!"

Mo ní, "Sà, ilé òkú ni mo ti ń bọ̀."

"Òkú ẹlòmíì lo tún fẹ́ rí níbí ni?"

Ó ránṣẹ́ pe àwọn fíjílántì. Wọ́n ní kí n jókòó sílẹ̀ lẹ́nu géètì, nínú oòrùn. Mo ní mi ò jókòó. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo ní ẹni tó jalè ló ń jókòó sílẹ̀, èmi ò jí nǹkan kan, mo yarí kanlẹ̀, mo dúró. Gbogbo òpópónà ló jáde. Àwọn tí mo ti gbin òdòdó síwájú ilé wọn, tí mo bá wọn gbé ọmọ wọn nígbà tí wọ́n ń rákò, wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí. Àlájà nìkan ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ dé ná." Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe bàjẹ́ tó lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n mo sọ fún omi ojú mi pé kó padà síbi tó ti ń bọ̀.

Dókítà ẹran dé, ọ̀dọ́mọbìnrin ọmọ Ebira kan. Wọ́n jẹ́ kí n bá wọn wọlé torí ó ní òun fẹ́ bi gbogbo ẹni tó ń tọ́jú ajá náà ní nǹkan. Ó wo ojú ajá, ó gbọ́ àyà rẹ̀, ó wá lọ wo ibi tó bì sí. Ó mú igi, ó ń tú èébì náà wò. Ó kún fún nǹkan pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó pọ́n bí ìpẹ́ ẹja tí wọ́n yan. Òórùn rẹ̀ dùn, ó ń ta bíi tíì.

Ó ní, "Kí lẹ tẹ́ sí ìdí òdòdó?"

Ìgbà yẹn ni mo tó wo ilẹ̀. Koríko mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti kó o dànù. Èèpo kòkó ló wà níbẹ̀, ó nípọn tó ọwọ́, èyí tó máa ń ṣí kúrò lára hóró kòkó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yan án. Ajá ti gbẹ́ ẹ kiri.

 Màmá Ṣọlá ló dá a lóhùn. Ó ní àbúrò ọkọ òun tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń lọ kòkó lápá Oǹdó ló kó àwọn àpò náà ránṣẹ́, pé ọkọ òun ní koríko ìgbẹ́ ò yẹ ilé òun, kòkó ni òun ní nílùú òun, kòkó ni òun máa fi ṣe ọgbà lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ní ọkọ òun fúnra rẹ̀ ló dúró ti dírébà tó tẹ́ ẹ, lẹ́yìn ọjọ́ tí mo rìnrìn àjò.

Dókítà gbé ojú sókè. Ó ní, "Kòkó ń pa ajá, sà. Èyí tí ojú wa fi ń dá ṣáṣá tí a bá mu ún, ara ajá kò lè lò ó tán. Àyà rẹ̀ á máa sáré títí, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Èèpo yìí ló burú jù, torí òórùn rẹ̀ dùn mọ́ wọn, wọ́n á jẹ ẹ́ yó."

Mi ò ní purọ́ fún yín, èmi náà ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e fún mi, màá dùbúlẹ̀ lé e, kò ní gún mi, kò ní yún mi, òórùn rẹ̀ á dùn mọ́ mi. Bóyá Bàbá Ndagi pàápàá ò mọ̀. Àwọn tó kàwé ló mọ ìyẹn, kí Ọlọ́run bù kún wọn.

Dókítà gún ajá náà lábẹ́rẹ́, ó gbìyànjú, ó gbìyànjú, kò rọ́nà gbé e gbà. Ọ̀sán ni Kíló-kàn-yín kú, orí rẹ̀ wà lórí itan Màmá Ṣọlá. Dáírẹ́kítọ̀ kọjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń mì. Mo káàánú rẹ̀ nígbà yẹn, mo fẹ́ràn ajá náà ju bó ṣe mọ̀ lọ. Mo mú ọkọ́, mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo sin ín. Mo ń retí pé tí mo bá parí, ó máa jáde lọ bá àwọn tó wà níta, á sọ fún wọn.

Ó jáde lóòótọ́. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Mo ti forí jì í."

Ẹ gbọ́ o! Ó ti forí jì mí!

 Alága àdúgbò, bàbá àgbàlagbà kan, dì mí mú lápá. Ó ní, "Ìyá Rúùtù, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọ̀gá ti forí jì yín. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ká palẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí mọ́." Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn lọ́dọ̀ tiwa. Ẹni tó kéré á kúnlẹ̀, yálà ó jẹ̀bi, yálà kò jẹ̀bi, àgbà á fọwọ́ kàn án léjìká, gbogbo ènìyàn á túká, wọ́n á ní ó ti parí. Mo ti rí i tí obìnrin kúnlẹ̀ bẹ ẹni tó gbá a létí. Mo wo ilẹ̀ tí wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ sí. Mo mọ̀ pé tí orúnkún mi bá kàn án, èmi ni mo pa ajá náà títí ayé, tí wọ́n bá sì kó ilé ẹnikẹ́ni lọ́la, èmi ni wọ́n á wá mú.

Mo ní, "Mi ò kúnlẹ̀."

"Háà! Ìyá Rúùtù!"

"Kí ni kí n dúpẹ́ fún? Èèpo kòkó ló pa ajá yẹn. Wọ́n mọ ẹni tó tẹ́ ẹ." Ṣùgbọ́n ariwo ti pọ̀, wọ́n ń ké pé ẹnu mi ti gùn jù, pé àánú ò yẹ mí. Mo wo Dáírẹ́kítọ̀. Ó wọlé, ó ti géètì. Mo gbé réèkì àti ọkọ́ mi, mo la àárín wọn kọjá.

Kó tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, gbogbo ilé tó wà ní òpópónà yẹn ti ní kí n má wá mọ́. Ọkọ mi ní, "Kí ló máa gé lára rẹ tí o bá kúnlẹ̀? Kúnlẹ̀, kí o dìde, kí a jẹun." Ènìyàn dáadáa ni, ó kàn máa ń bẹ̀rù àwọn ọ̀gá ni. Mo ní, "Bàbá Rúùtù, ṣé ìwọ náà gbà pé mo ṣe é?" Ó ní rárá. Mo ní, "Nígbà náà, kí la fẹ́ kúnlẹ̀ ṣe?"  Ó lọ wá pákó, ó kan ìbòjì fún mi lẹ́bàá títì.

Abẹ́ ìbòjì yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta irúgbìn òdòdó. Mo kọ́kọ́ wà ní Kabawa, omi odò kún, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ, mo bá gòkè wá sí Karaworo níbí. Mo ń ta òdòdó, mo ń ta aṣọ ilẹ̀ nínú àpò. Ẹni tó bá wá rà á, màá bi í ní ohun tí ọ̀gá mi máa ń béèrè, "Ta ló ń sùn nílẹ̀ nílé yín?" Tó bá ní ajá ni, màá jókòó tì í. Màá ní kó lo koríko gbígbẹ, tàbí ewé gbígbẹ, tàbí èèpo ìrẹsì tí kò bu. Kó má gba lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n fi oògùn kùn. Kó má gba èèpo ẹ̀pà tó ti hu funfun. Kó má jẹ́ kí èso lárà tó ní májèlé wọ inú rẹ̀. Kó má lo igi tó mú ṣóńṣó tí ajá lè gé jẹ kó há a lọ́fun. Màá wá sọ ti èèpo kòkó, màá sì sọ ìtàn rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, òpópónà nìkan ni mò ń dárúkọ. Lọ́kọ́ja ò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn mọ ẹni tí mò ń bá wí.

Ọkọ mi ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n wá gbé wa ni?" Mo ní kí wọ́n wá, irọ́ ò sí nínú rẹ̀. Haúsá wá rà, mo sọ ọ́ fún un ní Haúsá. Ígálà wá rà, mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì.

Ọdún pọ̀ tí mo fi ń sọ ọ́. Ayé ń yí. Àwọn ènìyàn ń fi òkúta intalọ́ọ̀kì bo gbogbo iwájú ilé wọn, wọ́n wá ń béèrè ìdí tí ilé wọn fi gbóná. Koríko rọ́bà ló wá gbòde báyìí. Ọmọkùnrin kan gbé e wá fún mi pé kí n máa bá òun tà á, pé kò nílò omi. Mo ní kó bọ́ bàtà kó dúró lé e ní ọ̀sán. Ó bọ́ bàtà, ó dúró, ó fò sókè. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni ajá ṣe máa fò." Mo ní kó gbé kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ. Rúùtù ló ń bójú tó ibi ìtajà náà fún mi báyìí, fóònù ló fi ń polówó ọjà, ó ń ya fọ́tò òdòdó ránṣẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì, orúnkún mi ò gbé mi mọ́.

Ìgbà tí orúnkún mi ti ń dùn mí ni ọkùnrin kan wá bá mi nílé. Ó ti gbó, ó mú ọ̀pá dání, iṣu àti àpò ọsàn ló gbé wá. Mi ò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Dáírẹ́kítọ̀ ni. Ó jókòó ní pálọ̀ mi, ó ń wo ilẹ̀.

"Ìyá Rúùtù, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Kò pè mí ní 'ìwọ' mọ́, ó ti di 'ẹ' báyìí. "Ìjọ fẹ́ fi mí jẹ alàgbà. Ẹnì kan dìde, ó ní kí n kọ́kọ́ lọ yanjú ọ̀rọ̀ àárín èmi pẹ̀lú yín. Ìyàwó mi náà, kó tó di olóògbé, ohun tó ń sọ fún mi nìyẹn lójoojúmọ́. Ẹ má bínú. Mo mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ojú ló ń tì mí. Ajá yẹn, bí ọmọ ló rí sí mi, mi ò lè sọ ọ́ lẹ́nu pé ọwọ́ mi ni mo fi pa á."

Ọkọ mi ti ń mi orí láti ẹ̀gbẹ́ mi pé kí n gbà, kí n gbà. Omi gbà mí lójú nítorí Màmá Ṣọlá, ẹni tí mi ò mọ̀ pé ó ti kú. Ṣùgbọ́n mo ní, "Sà, ṣé pálọ̀ ni ẹ ti pè mí ní olè?"

Ó ń yí ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́.

Mo ní, "Ẹnu géètì yín ni. Ẹ lọ sọ ọ́ lẹ́nu géètì yín. Mo máa wá gbọ́ ọ. Tí ẹ bá ti sọ ọ́, mi ò ní sọ ìtàn yẹn fún oníbàárà kankan mọ́, àyàfi ibi tó kan ajá àti èèpo kòkó." Ọkọ mi mí kanlẹ̀. Dáírẹ́kítọ̀ dìde, ó fi iṣu sílẹ̀, ó lọ. Mo rò pé kò ní ṣe é.

Ó ṣe é. Sátidé ìmọ́tótó tó tẹ̀lé e, Rúùtù mú mi lọ́wọ́, a rìn dé òpópónà yẹn. Àwọn kan ti kú, àwọn kan ti kó lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó kù wà níwájú ilé wọn pẹ̀lú ìgbálẹ̀, àwọn ọmọ wọn náà wà níbẹ̀. Àlájà jókòó sórí àga níwájú ilé tirẹ̀, etí rẹ̀ ti di díẹ̀. Dáírẹ́kítọ̀ jáde, ó pè wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ sún mọ́. Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà nínú ọkàn lọ. "Ọ̀rọ̀ ajá mi ọjọ́sí... Ìyá Rúùtù kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀..."

Mo ní, "Ẹ gbé ohùn sókè, sà. Àlájà ò gbọ́."

Rúùtù fún ọwọ́ mi pọ̀ pé kí n fi sílẹ̀.  Dáírẹ́kítọ̀ wò mí, mo wò ó. Ó mí sínú, ó gbé orí sókè.

"Ìyá Rúùtù kò pa ajá mi! Kì í ṣe olè! Èmi ni mo tẹ́ èèpo kòkó sílẹ̀ tí ajá mi jẹ, dókítà sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ náà, mo sì dákẹ́! Mo ba obìnrin yìí lórúkọ jẹ́! Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo yín!"

 Àlájà ní, "Mo ti gbọ́ ọ báyìí!" Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ sọ lẹ́yìn mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ilé, pé, "Màmá, ẹ kúnlẹ̀, àgbà ló ń bẹ̀ yín yẹn."

Mo dúró sórí orúnkún mi tó ń dùn mí, mo na ẹ̀yìn mi, mo sì pariwo kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ òpópónà lè gbọ́ mi.

"Mo ti forí jì yín, sà!"